Ọjọ́ Ẹtì Ni À Ń Jó Kábọ̀nù

Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń parí ilé ẹ̀kọ́ girama bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, iṣẹ́ wo gan-an lẹ ṣe láyé yín?" Mo ní táípì ni. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé ìyẹn náà ń jẹ́ iṣẹ́, nígbà tí gbogbo èèyàn ń fi àtàǹpàkò tẹ fóònù. Mi ò bínú sí i, àmọ́ mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Òun ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ èyí, òun àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹ ń wò ó pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ dì mú. Ìka mi ni àwọn èèyàn ń rí nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́, àṣírí wọn ni mo ń gbé kiri. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi gbé e, ní Oǹdó àti ní Àkúrẹ́. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, síbẹ̀ bí nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ bá pè mí, àyà mi ṣì máa ń já.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gùn. Bàbá mi kò lágbára àtirán mi níwèé lọ mọ́, ó sì mọ ọkùnrin kan ní Oǹdó tó ti ṣe akọ̀wé kóòtù rí, tó wá ṣí ilé táípì sí Òdòṣídà. Wọ́n mú mi lọ, wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó gbà mí. Orúkọ rẹ̀ ni Ọ̀gá Akínbọ̀dé. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ gbọ́.

Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, ó fi òwú so apá gíláàsì ojú rẹ̀ kan. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló ń wọ̀ lójoojúmọ́, nínú ilé tó kún fún íńkì, mi ò sì rí àbàwọ́n kan lára rẹ̀ rí. Àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, òun ló ń ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì, bó sì ṣe ń kà á níbẹ̀ náà ló ń bá wa wí ní ọjọ́ Ajé: ohùn kan náà, kò ní pariwo, kò ní rẹ́rìn-ín. Aṣọ dúdú ló máa ń fi bo ọwọ́ wa mọ́ orí ẹ̀rọ kí a má bàa wo lẹ́tà. Tí o bá ṣì í, rúlà á ba eegun ìka rẹ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi jẹ rúlà kí ọwọ́ mi tó mọ ọ̀nà.

Àmọ́ kì í ṣe àṣìtẹ̀ ló ń bí i nínú jù. Ẹnu ni. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa kì í mú ọ̀rọ̀ kékeré wá. Ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀, tíṣà tó ń fẹjọ́ ọ̀gá ilé ìwé sùn, ìyàwó tó ń kọ̀wé sí ọkọ tí kò wálé láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀gá a ní, "Ojú rẹ ni mo ní kó kà á. Mi ò ní kí inú rẹ gbọ́ ọ."

Inú mi gbọ́ ọ̀kan. Ọkùnrin kan kọ̀wé sí lọ́yà pé òun fẹ́ kọ ìyàwó òun sílẹ̀, èmi ni wọ́n sì gbé e fún láti táípì. Mo mọ ìyàwó náà dáadáa, ẹgbẹ́ akọrin kan náà la wà. Mo sọ fún ìyá mi nìkan. Ìyá mi sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan. Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, obìnrin náà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà Ọ̀gá Akínbọ̀dé, tó ń sunkún, tó ní kí wọ́n fi lẹ́tà náà han òun. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹgba. Kò nà mí. Ó gbé mi jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó yọ pépà kúrò nínú rẹ̀, ó ní kí n máa táípì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń tẹ ẹ̀rọ tí kò ní pépà láti àárọ̀ títí ilé fi ń ṣú, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù ń kọjá lẹ́yìn mi. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ó ní, "Bí ọ̀rọ̀ oníbàárà ṣe gbọdọ̀ rí lára rẹ nìyẹn. Kó gba ọwọ́ rẹ kọjá, kó má ṣẹ́ kù síbì kankan."

Ibi tí ọ̀rọ̀ kábọ̀nù ti wọlé nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá a, pépà dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí a ń fi sáàárín pépà funfun méjì kí lẹ́tà lè di méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn onítáípì yòókù máa ń lo ẹyọ kan títí yóò fi ya. Ọ̀gá mi kì í lò ó kọjá ọ̀sẹ̀ kan. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bí aago bá ti lu mẹ́rin, yóò kó gbogbo kábọ̀nù tí a lò lọ sẹ́yìnkùlé, yóò ṣáná sí i, yóò sì dúró tì í títí yóò fi di eérú. Mo ń kùn sínú pé ahun tí kì í fi ṣúgà kún tíì ni bàbá yìí, kí ló wá dé tó ń jó ohun tó ṣì wúlò? Ó jọ pé ó gbọ́ inú mi. Lọ́jọ́ kan ó mú kábọ̀nù tuntun tí a lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gbé e sókè kọjú sí oòrùn, ó ní kí n wò ó. Mo ka lẹ́tà náà látòkè délẹ̀, títí kan orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Kò pẹ́ tí mo fi rí ohun tó ń sá fún. Lẹ́tà kan jáde nílùú, tí kò ní orúkọ lábẹ́, tó ń sọ nípa ilẹ̀ tí ìdílé ńlá kan tà lẹ́ẹ̀mejì. Ìdílé náà gba àṣẹ kóòtù, wọ́n sì mú akọ̀wé kóòtù wá sí ilé táípì wa. Wọ́n tú ilé. Wọn kò rí kábọ̀nù kankan, ọjọ́ Ẹtì ti kọjá, ọjọ́ Ajé ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn mú lẹ́tà náà sún mọ́ ojú, ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ yín kọ́ ni èyí? Lẹ́tà 'e' rẹ̀ ń tiro." Lóòótọ́ ni. Lórí ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, 'e' máa ń jábọ́ sísàlẹ̀ ìlà díẹ̀. Ọ̀gá wo pépà náà, ó ní, "Ẹ̀rọ mi ni. Mi ò lè purọ́ fún kóòtù. Ẹni tó mú un wá, mi ò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ohun tí mi ò ní, mi ò lè fún yín." Wọ́n mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó sùn níbẹ̀, ó sì padà wálé nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan náà.

Nígbà tó dé, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jó gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa."

Ó ní, "Inú lẹ́tà nìkan ni mo lè jó. Ìta rẹ̀ kò jóná. Gbọ́, ọmọ mi: àféèrí kan kò ju ká rí igbó ńlá bọ́ sí lọ. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé òun ní àféèrí, bi í pé igbó rẹ̀ dà."

Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nínú ìwé kékeré mi. Kíkọ nìkan ni mo kọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí mo gba òmìnira iṣẹ́, ó fún mi ní rúlà kan àti páálí ìṣáná kan. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo lọ́kọ, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ará Àkúrẹ́, tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Arákálẹ̀. Ìyá Táípì ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Mo ń jó kábọ̀nù mi ní ọjọ́ Ẹtì bí ọ̀gá mi, àwọn aládùúgbò sì ń rò pé mo ń ṣe ètùtù.

Lẹ́yìn náà ni irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ẹ̀rọ oníná dé, ariwo rẹ̀ kéré, ìka mi kò mọ̀ ọ́n fún odidi oṣù kan. Kọ̀ǹpútà dé. Kábọ̀nù kò sí mọ́, n ò sì rí ohun tí mo tún fẹ́ jó. Mo gbé páálí ìṣáná ọ̀gá mi lọ sí ilé ìdáná. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mo rò pé iṣẹ́ ti mọ́ tónítóní. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, mo sọ ṣọ́ọ̀bù di káfè, mo ra jẹnẹrétọ̀, mo to kọ̀ǹpútà mẹ́jọ sílẹ̀. Àwọn ọdún yẹn le. Oṣù ń jẹ oṣù ní Alágbàká, wọn kò san owó oṣù, ọkọ mi á wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ láràárọ̀, á fẹsẹ̀ rìn lọ, á fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Àwọn èèyàn ń wá sọ́dọ̀ mi láti wá iṣẹ́, láti wá ọ̀nà àtijáde nílùú. Ìmeèlì ni gbogbo rẹ̀ ń gbà lọ, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní. Èmi ni mò ń ṣí i fún wọn.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí, torí àwa oníkáfè nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe yìí, àánú ló sì bí i. Oníbàárà á gbàgbé páswọ́ọ̀dù rẹ̀. Fóònù rẹ̀ á sọnù, á padà wá pẹ̀lú omijé pé ìwé ìpè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wà nínú ìmeèlì tí òun kò lè ṣí. Nítorí náà, nígbà tí fọ́ọ̀mù bá béèrè àdírẹ́sì kejì, ìyẹn ibi tí wọn yóò fi kọ́kọ́rọ́ tuntun ránṣẹ́ sí bí ti àkọ́kọ́ bá sọnù, a máa ń fi ti ṣọ́ọ̀bù wa sí i. A ó sì kọ orúkọ oníbàárà, àdírẹ́sì rẹ̀ àti páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sínú ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan. Gbogbo káfè Àkúrẹ́ tí mo mọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tèmi wà nínú dúrọ́ọ̀ lábẹ́ tábìlì. Àwọn èèyàn ń gbàdúrà fún mi nítorí ìwé yẹn.

Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀ wọlé wá ní ọ̀sán kan tí oòrùn mú. Ọmọ Àkúrẹ́ ni, Ọ̀bà-Ilé ló ń gbé, ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ méjì ló fi sílẹ̀ fún un. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan tí mi ò ní dárúkọ. Ó dúró títí ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ṣófo, ó wá fà á sún mọ́ mi.

"Ìyá Táípì," ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "òògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá ni wọ́n ń yọ ìwé ara rẹ̀, tí wọ́n ń lẹ tuntun mọ́ ọn. Ojú mi ló ṣe. A gún ọmọ kan lábẹ́rẹ́ ibà lẹ́ẹ̀mẹta, ibà ò lọ, díẹ̀ ló kù kó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Mo fẹ́ kọ ọ́ sí àwọn tó ń mójú tó òògùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mọ̀ pé èmi ni, uṣẹ́ mi lọ nìyẹn. Ta ni yóò bọ́ àwọn tó wà ní ulé?"

Mo ti gbọ́ nípa irú ìmeèlì kan, ti ilé iṣẹ́ kan lókè òkun. Wọ́n ní wọ́n ń ti lẹ́tà pa láti ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò kà á, àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà gan-an kò lè ṣí i. Òótọ́ sì ni. Mo ṣàlàyé fún un, orí mi ń wú bí mo ti ń ṣàlàyé.

Ó ní, "Ṣé ẹnì kankan ò ní mọ̀?"

Mo ní, "Àfi Ọlọ́run. Kò séwu."

Mo kórìíra gbólóhùn yẹn láti ìgbà náà. Ẹ má gbà á lẹ́nu ẹnikẹ́ni tó ń ta ohunkóhun fún yín.

Mo ṣí ìmeèlì náà fún un. Orúkọ tí kò jọ tirẹ̀ la fi ṣe é. Nígbà tí fọ́ọ̀mù béèrè àdírẹ́sì kejì, ó ní ẹni tó bá wù ú lè fi í sílẹ̀ lófìfo. Ìka mi kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ orí mi. Ó ti tẹ àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù sí i bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà mo fa dúrọ́ọ̀, mo kọ ọ́ sínú ìwé ńlá: Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀, Ọ̀bà-Ilé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó fi lẹ́tà rẹ̀ ránṣẹ́, ó lọ.

Àwọn tó ń mójú tó òògùn wá sí ilé ìwòsàn náà, àmọ́ ẹnì kan ti ta àwọn ará ibẹ̀ lólobó, páálí òògùn ti kúrò nílẹ̀. Ẹni tó ni ilé ìwòsàn fi ìbínú gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, ó ní wọ́n fẹ́ ba òun lórúkọ jẹ́. Oṣù ń gorí oṣù. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti kú.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni ọlọ́pàá méjì wọlé, láìwọ aṣọ iṣẹ́. Èyí tó kéré nínú wọn ló ń sọ̀rọ̀, ó sì mọ ìwà hù.

"Ẹ káàsán, Màmá. Ẹ má bínú pé a dí yín lọ́wọ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni àdírẹ́sì yìí?"

Mo wo pépà ọwọ́ rẹ̀. Àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù mi ló wà níbẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Wọ́n gba àdírẹ́sì ìmeèlì náà lọ́wọ́ àwọn tó ń mójú tó òògùn, wọ́n sì kọ̀wé gba ọ̀dọ̀ ìjọba lọ sí orílẹ̀-èdè tí ilé iṣẹ́ ìmeèlì náà wà, adájọ́ ibẹ̀ pàṣẹ, ilé iṣẹ́ náà sì dáhùn. Wọ́n ní àwọn kò lè ka lẹ́tà inú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ àwọn. Ṣùgbọ́n àṣẹ kóòtù ìlú àwọn ni, ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn làwọn yóò fi sílẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, àti àdírẹ́sì kejì.

Ilé iṣẹ́ náà kò yẹ àdéhùn. Inú lẹ́tà kò fọhùn títí di òní. 'E' tó ń tiro ló mú wọn dé Arákálẹ̀, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́.

Ó ní, "Ta lẹ ṣí i fún, Màmá?"

Mo ní àwọn tí mo ti ṣe é fún pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, mi ò lè rántí.

"Ṣé ẹ ní àkọsílẹ̀?"

Ojú mi ló dáhùn, ó yà sí dúrọ́ọ̀ kí n tó lè dá a dúró. Ó rí i. Ó dìde, ó ní òun yóò mú àṣẹ kóòtù wá ní ọjọ́ Ajé kí òun lè wo àkọsílẹ̀ náà. "Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun sọnù."

Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò sì lè sọ fún ọkọ mi. Ilẹ̀ mọ́, ọjọ́ Ẹtì ni. Mo mú ìwé ńlá náà sínú báàgì, mo gba ilé ìdáná kọjá, mo mú ìṣáná, mo wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó. Ọ̀gá Akínbọ̀dé ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo rò gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní, "Ọ̀gá, mo mú un wá. Ẹ̀yìnkùlé yín ni mo fẹ́ ti jó o."

Ó ní, "Ọjọ́ wo ni wọ́n bi ọ́ léèrè?"

"Àná ni, sà."

"Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìbéèrè ni à ń jó kábọ̀nù. Eléyìí tó dé lẹ́yìn ìbéèrè, ẹ̀wọ̀n ni. Wọn yóò mú ọ, wọn yóò sì tún wá obìnrin náà kàn." Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn ìwé náà, ó rí bó ṣe nípọn tó. "Àwọn mélòó lo kó sínú ibí?" Ó wá ní, "Ṣé o ti sọ fún un?"

"Fún ta, sà?"

"Ẹni tó ni orúkọ."

Ìtìjú gbá mi mú. Láti àná, ara mi nìkan ni mo ti ń rò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo lọ sí Ọ̀bà-Ilé. Mo bá a níbi tó ti ń sá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun sórí okùn. Bó ṣe rí ojú mi ló ti mọ̀, ó sọ aṣọ tó kù sínú báfù padà. Mo sọ fún un. Mi ò fi nǹkan kan pa mọ́.

"Ẹ ní àfi Ọlọ́run," ló sọ.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́ nígbà náà? Ṣé ẹ̀yin ni Ọlọ́run ni?"

Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ní ọṣẹ. "Ẹ jó o. Ìyá Táípì, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, ẹ jó ìwé yẹn. Uṣẹ́ yìí nìkan ni mo ní."

Mo ní mi ò lè jó o mọ́. Mo sunkún, òun kò sunkún. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó ní kí n máa lọ sí ulé mi.

Ọmọ ìjọ wa kan jẹ́ lọ́yà. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú mo bẹ̀ ẹ́, mo ṣe ọ̀nà bó ṣe máa dúró fún Bọ́sẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ó tún kọ́ mi ní ohun kan: ohun tí kóòtù bá béèrè nìkan ni kí n fi hàn, mi ò gbọdọ̀ gbé odidi ìwé fún wọn. Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́pàá náà mú àṣẹ kóòtù wá. Lọ́yà kà á, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló béèrè. Mo ṣí ìwé, mo fi pépà kan bo òkè ìlà náà, mo fi rúlà ọ̀gá mi àti pépà míì bo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Orúkọ Bọ́sẹ̀ nìkan ló yọjú láàárín. Ọlọ́pàá náà dà á kọ.

Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń bú àwọn òyìnbó tó ni ìmeèlì náà ní ọ̀dàlẹ̀. Nígbà tí mo gbé rúlà kúrò, mo rí i pé ohun tí wọ́n ṣe gan-an ni mo ṣe. Wọ́n ní nǹkan kékeré lọ́wọ́, òfin béèrè rẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀. Lọ́wọ́ mi ni orúkọ wà.

Wọ́n dá Bọ́sẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè, ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Lọ́yà wa kò sinmi, ẹjọ́ náà kò sì dé kóòtù. Àwọn onímójútó òògùn tún padà lọ láìkéde, lẹ́ẹ̀kejì yìí wọ́n bá ìwé tuntun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara páálí lórí tábìlì. Òtítọ́ Bọ́sẹ̀ hàn. Àmọ́ kò sí ilé ìwòsàn tó gbà á síṣẹ́ mọ́ ní gbogbo Àkúrẹ́, wọ́n ní nọ́ọ̀sì tó ń kọ̀wé ni. Aṣọ ọmọdé ló wá ń tà ní Ọjà Ọba. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá láìkí mi, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Mo fi oṣù méjì wá gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé yẹn kàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wá yí páswọ́ọ̀dù àti àdírẹ́sì kejì wọn padà. Àwọn kan bínú, àwọn kan kò mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́yà ní kí n pa ojú ewé tí orúkọ Bọ́sẹ̀ wà mọ́ títí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò fi parí. Àwọn ojú ewé yòókù tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, mò ń ya wọ́n díẹ̀díẹ̀, mo sì ń jó wọn ní aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì. Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá ní kí n ṣí ìmeèlì tí wọ́n ń tì pa fún òun, mo máa ń sọ fún un pé inú lẹ́tà ló ń tì. Ìta lẹ́tà kò sí nínú àdéhùn. Bí kóòtù ìlú tí wọ́n wà bá béèrè, wọn yóò fi ohun tó bá wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, torí náà ohun tí kò bá pọn dandan, má fi sọ́wọ́ wọn. Oníbàárà púpọ̀ sá fún mi. Káfè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń sọ fún wọn pé kò séwu.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń wá iṣẹ́, mi ò ní kí ẹ má ṣe irú èyí. Ẹ kàn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn wúwo, irinṣẹ́ tuntun kì í gbà á rù fún yín. Èmi rò pé ó gbà á.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo ń kó ẹrù kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀ ni, irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó kí mi. Ó jókòó sórí àpótí, ó yọ pépà tó fi ọwọ́ kọ láti inú báàgì rẹ̀, ó gbé e lé itan rẹ̀, kò nà án sí mi.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ kan tún wà. Mo fẹ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ láìsí orúkọ mi. Bí ẹ bá bá mi ṣe é, tí ẹ ti gbogbo rẹ̀ pa, tí ẹ ò kọ nǹkan kan sílẹ̀, kí ni yóò ṣẹ́ kù?"

Mo ronú sí i dáadáa. Kò sí ìwé ńlá mọ́, kò sí àdírẹ́sì kejì. Mo wá gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ lè sá pamọ́ sí ní orí mi, títí mo fi kan ẹyọ kan.

Mo ní, "Èmi ni yóò ṣẹ́ kù. Màá mọ̀ pé ìwọ ni. Bí kóòtù bá sì bi mí, mi ò mọ bí ọkàn mi ṣe lè le tó."

Ó ká pépà náà ní mẹ́rin, ó dá a padà sínú báàgì, ó dìde.

"Ẹ ṣeun, Ìyá Táípì," ló wí. "Ohun tó yẹ kí ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ kìíní nìyẹn."